Ta Ni Yóò Mú Kọ́kọ́rọ́ Ọtí Lọ́wọ́?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ti fi ìwé tí mo fi ń tọrọ àṣẹ àti ta ọtí sílẹ̀ ní káńsù. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mi ò kọ iye ènìyàn tí ilé oúnjẹ mi lè gbà síbẹ̀. Mo kọ ọ́ lórí ìdúró. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fún mi ní ìwé ìkéde pupa kan. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé mo fẹ́ máa ta bíà àti wáìnì pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, kí ẹni tí kò bá fẹ́ sì lè kọ̀wé sí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni káńsílọ̀ mẹ́ta yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí.

Mo ti lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù gidi ni mo fi lẹ̀ ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ.

Tí wọn ò bá fún mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé gogoro iwájú wa ti kó lọ, oúnjẹ ọ̀sán ò tà mọ́. Àwọn oníbàárà alẹ́ nìkan ló kù, àwọn yẹn sì máa ń béèrè nǹkan mímu kí wọ́n tó jókòó. Tí mo bá ní omi àti omi ọsàn ló wà, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á sọdá lọ sí ilé ọtí tó wà lódìkejì, tí à ń pè ní Oníná Pupa. Ìparí oṣù kẹfà ni ìwé tí a fi gba ilé yìí lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù máa tán. Àwọn tó ń ta fóònù, tí wọ́n fẹ́ gbà á lẹ́yìn wa, ti wá wọn ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi gan-an ni wọ́n ní kí n bá àwọn di ẹnu okùn ìwọ̀n mú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sọ ọ́ fún mi lónìí nídìí iná. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Màá kọ̀wé sí káńsù pé mi ò fara mọ́ ọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹ, kí o má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo ní, "Àǹtí, ilé oúnjẹ tí àwa méjèèjì ti ń jẹ yìí?"

"Òun náà ni. Bá mi gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná, ó ti fẹ́ jóná."

Mo gbé e. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. A mọ̀ ọ́n, a kàn kì í sọ ọ́ ni. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́, ọkọ wọn, ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Àwọn oníbàárà ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í gbé àwo síwájú ènìyàn láì sọ pé "pẹ̀lẹ́". Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Bọ̀ọ̀dá ti jáwọ́ nínú ọtí. Kí wọ́n tó jáwọ́, èmi àti Àǹtí mi la jọ máa ń lọ gbé wọn níbi tí wọ́n bá ṣubú sí, Àǹtí mi á di apá mú, èmi á di ẹsẹ̀ mú. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ ránṣẹ́ sí káńsù.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí ilé oúnjẹ yìí bá kú, ta ló fẹ́ gba ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún síṣẹ́?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Àǹtí mi wá bá mi nílé pẹ̀lú bírò àti tákàdá. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ wo ni káńsù máa ń gbọ́.

Mo wò wọ́n títí. "Àǹtí, èmi tí ẹ fẹ́ takò lẹ wá bi?"

"Ta ni kí n bi? Ìwọ lo ka ìwé wọn."

Ni mo bá kà á fún wọn. Ariwo, ìjà, ewu, àti ààbò àwọn ọmọdé. Mo ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nìkan ni káńsílọ̀ ń gbé yẹ̀ wò. "Ẹ ò lè sọ fún wọn pé ọtí ò dáa. Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ̀rù ń bà yín."

Àǹtí mi ṣí bírò. "Ariwo ni tèmi."

"Ariwo kí ni?"

"Ariwo àga. Tí wọ́n bá ń wọ́ ọ lórí símẹ́ńtì, a máa ń gbọ́ ọ lókè."

Lóòótọ́, òkè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé, ẹ̀tọ́ wọn ni. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n ní ṣé mo ní àpòòwé. Mo fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti àárọ̀. Oníbàárà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, òjò ló sá wọlé fún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ti ba ara mi jẹ́ lónìí.

Òṣìṣẹ́ káńsù kan wá ní ọ̀sán, ọkùnrin tó gbé fáìlì sí abẹ́ apá bí ẹni gbé adìẹ. Ó ní ìwé ìkéde mi dà. Mo ní kó jẹ́ ká jáde, mo fi ìgboyà ṣáájú rẹ̀. A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sí nǹkan kan lára ògiri. Ìgbà yẹn ni orí mi tó pé. Ara ilẹ̀kùn irin ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, ilẹ̀kùn tí à ń ká sókè láràárọ̀. Tí a bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìkéde náà ti bá ilẹ̀kùn ká sí òkè. Ìgbà tí a bá tì í nìkan ni ojú máa ń rí i, nígbà tó jẹ́ pé ológbò ló ń kọjá.

Ọkùnrin náà ní kí n fa ilẹ̀kùn wálẹ̀. Mo fà á. Irin ti jẹ ìwé náà, ó ku ìlàjì, gọ́ọ̀mù gidi ò sì jẹ́ kí ìlàjì yẹn ṣí. Ó ní òun ò lè ka ọjọ́ tó ti kọjá fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tún bẹ̀rẹ̀ látòní.

Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ ti ògiri. "Pẹ̀lẹ́," ni wọ́n ń sọ fún mi, "pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́." Àǹtí mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n kàn fún mi ní ìwé ìkéde tuntun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ àti téèpù. Wọ́n tilẹ̀ bá mi di etí rẹ̀ kan mú mọ́ gíláàsì fèrèsé. Alátakò mi nìyẹn o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ooru mú. Àwọn mẹ́fà kan wọlé, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí. Wọ́n jókòó, wọ́n ka ìwé oúnjẹ, wọ́n béèrè bíà. Mo fi ìkéde ojú fèrèsé hàn wọ́n, mo ní ó ń bọ̀. Ọ̀kan ní, "Tó bá dé, ẹ pè wá." Wọ́n dìde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọdá sọ́dọ̀ Oníná Pupa.

Epo tún ti gbówó lórí. Tòmátì náà kò ṣe é bá ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ìyá wa pè mí lórí fóònù. Àǹtí mi ti ro tiwọn fún wọn, mo ro tèmi. Ìyá wa ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bí. Ẹ má fi mí ṣe káńsù." Wọ́n ní ká gbádùn ara wa, wọ́n sì pa fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Ẹni kan ṣoṣo ló takò mí ní gbogbo àdúgbò, òun náà ló sì ń bá mi bó ẹ̀pà ọbẹ̀ ọ̀la báyìí. Wọ́n dá ìjókòó sí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mi ò lè jókòó sójú kan. Mo nu tábìlì tí mo ti nù. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ní mò ń ṣe bí ẹni tí èèrùn wọ inú aṣọ rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù kọjá, ó kí mi, ó kí mi ju bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkíni yẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kó lè kúrò láyà mi.

Yàrá náà kéré, ó ń rùn bí kápẹ́ẹ̀tì tí omi ti wọ̀ rí. Alága jẹ́ obìnrin tó máa ń gbé ìgò ojú rẹ̀ sórí, tí yóò sì máa wá a. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà, apá òsì ni oní-táyà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta. Èmi wà ní tábìlì kan, Àǹtí mi wà ní èkejì. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ jókòó lẹ́yìn, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Àǹtí mi sọ̀rọ̀ àga. Alága ní ṣé tí mo bá fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ àga, ariwo náà á dín. Àǹtí mi ní ó lè dín. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí ní ìgbà tí màá máa tì, ibi tí màá máa kó òfìfo ìgò sí, bí màá ṣe mọ̀ pé ọmọdé kọ́ ló ń ra ọtí. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi ti ń balẹ̀.

Ni oní-táyà bá ní, "Màdáámù, nígbà tí ẹ bá wà nídìí iná, ta ló ń wà níwájú?"

Mo nawọ́ sí Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́. Wọ́n dìde.

"Sà, ṣé ẹ̀yin náà ń mutí?"

"Rárá, mi ò mu ún."

Ojú oní-táyà dán. Ó ní irú ẹni tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn, pé àwọn tí wọ́n máa ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń mu ìlàjì ọjà. Alága sọ ìgò ojú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn lè kọ orúkọ arákùnrin yìí gẹ́gẹ́ bí alámòójútó, òun ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ọtí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lè parí rẹ̀ lónìí.

Mo wo Àǹtí mi. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ níwájú àjèjì mẹ́ta? Mo wo ẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ń tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe. Inú wọn ń dùn.

Mo ní, "Rárá. Kì í ṣe àwọn."

Alága ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Gbogbo yàrá wo ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́. Àwọn náà wò ó.

Alága ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mójú tó ọtí níwájú nígbà tí èmi bá wà nídìí iná. Wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lọ mú orúkọ ẹni tó yẹ wá.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ dúró dè mí títí mo fi sún mọ́ wọn. "Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí," ni wọ́n wí, wọ́n sì gun òkè lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún

Bọ̀ọ̀dá ò sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Mo ń dáná, mo ń sáré jáde gbé oúnjẹ, mo da ọbẹ̀ sórí ara mi. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ìrìn wọn lókè, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, lórí ẹsẹ̀ tí mo ní ó ń dùn wọ́n.

Mo ní kí Àǹtí mi bá mi bẹ̀ wọ́n. Àǹtí mi ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mọ́ nítorí rẹ̀. Ìwọ wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ purọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "O ṣeun ṣá." Mi ò mọ èwo ni kí n mú nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Obìnrin kan wá béèrè iṣẹ́ iwájú. Ó dára, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Owó tó béèrè ju ohun tó ń wọlé lọ. Mo fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ wọlé láti ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí. Inú mi dùn, mo sáré lọ bá wọn, mo ní ẹ káàárọ̀.

Wọ́n ní, "Sún mọ́ mi dáadáa. Gbóòórùn ẹnu mi tán kí o tó kí mi."

Mo fà sẹ́yìn.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tí mo ti dé ibi yìí, kò sí àárọ̀ kan tí o ò sún mọ́ ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣe é lálẹ́, ìwọ ń ṣe é láàárọ̀. Ẹ ti pín in."

Irọ́ kọ́. Àní mi ò mọ̀ mọ́ pé mò ń ṣe é.

Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó, ohùn wọn rọlẹ̀. "Àwọn mẹ́ta tí wọn ò mọ̀ mí rí ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lẹ ní rárá. Ìyẹn ló dùn mí."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi sínú ìrẹsì tí mo gbé dání láti ṣà. Mo ní ṣé kí n kọ orúkọ wọn fún káńsù. Wọ́n wò mí títí. "Jẹ́ kí n rò ó," ni wọ́n wí. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà. Wọn ò lọ síwájú rárá lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Mò ń bẹ̀rù kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń bẹ̀rù kí wọ́n ní rárá. Wọ́n mọ àlùbọ́sà gé jù mí lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Àwọn tó ń ta fóònù tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní mi ò ráyè, kí wọ́n so okùn wọn mọ́ ọ̀pá iná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí a tó wọlé, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni kí n sọ fún wọn?" Wọ́n ní, "Má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Alága ní orúkọ ta ni mo mú wá. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ dìde lẹ́yìn wa.

"Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí. Ọ̀mùtí ni mí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ ló máa ń gbé mi nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mi ò tíì fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n gba kọ́kọ́rọ́, inú mi dùn. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí màá gbé àpótí náà sí, bí ìgò á ṣe tò, bí yóò ṣe tutù tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo wá mọ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ orúkọ mi. Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán mi. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo sọ pé rárá. Ìdí iná ni mo fẹ́ wà."

Wọ́n jókòó. Oní-táyà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Alága ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó bi Àǹtí mi bóyá wọ́n ṣì takò ó. Àǹtí mi ti ń sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ṣì takò ó.

Àwọn káńsílọ̀ wọ inú lọ, wọ́n jáde. Alága ní kì í ṣe ti ariwo, kì í sì í ṣe ti ìgò. Kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú, nítorí náà wọn ò lè fún mi. Ó ní mo lè tún ìwé kọ nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni náà.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, ìjókòó mìíràn, ìwé ilé sì ń tán lọ. Ó lè ti pẹ́ jù. Bọ̀ọ̀dá Pẹ̀lẹ́ ti ń rìn lọ níwájú, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń yọjú wo inú àwọn ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó wà ní ìsinmi.

Àǹtí mi wá jókòó tì mí. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú wọn.

"Mo borí ẹ," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò dùn mọ́ mi."

Inú ń bí mi sí wọn, mo sì fẹ́ gbórí lé wọn léjìká, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe.

Wọ́n ní, "Tún ìwé náà kọ. Orúkọ mi ni kí o fi sí i. Èmi ni màá wà níwájú."

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ takò mí lẹ́ẹ̀mejì?"

"Màá tún takò ẹ bó bá tọ́. Ṣùgbọ́n bí ọtí yóò bá wọ ilé tí ọkọ mi wà, ìṣojú mi ni yóò ti wọlé."